Ìgbà Tí Omi Bá Ń Fà

Oríyọmí kúnlẹ̀ sí iwájú ọkọ̀, ó ń tú okùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwo tánganran funfun tó wà ní ìdí okùn náà ń rì lọ sínú ọ̀sà bí òṣùpá tó fẹ́ lọ sùn. Kókó kìíní wọ omi. Kókó kejì tẹ̀ lé e. Ní kókó kẹta, àwo náà ṣì ń tàn. Ní kókó kẹrin, ó di òjìji lásán. Nígbà tí kókó karùn-ún wọ omi, kò sí àwo mọ́.

"Mélòó?" Ìyá Àgbà bi í láti ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí wọ́n ti fi àjẹ̀ di ọkọ̀ mú kó má baà sún.

Oríyọmí kò dáhùn. Ara rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ o, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti bá àwo lọ sísàlẹ̀, ó ń wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tú ká níbi tí ẹja ń gbé. Bí ọmọ náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ rán an lọ ra iyọ̀, kó dúró máa wo oòrùn tó ń dán lórí páànù ilé onílé, kó sì padà délé láìmú iyọ̀ dání.

"Orí, mélòó ni mo wí?"

"Márùn-ún, Ìyá Àgbà."

"Kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹja tó gbé ọkàn rẹ jẹ."

Àwo ìgbéyàwó Ìyá Àgbà ni àwo náà. Òun nìkan ló kù nínú mẹ́fà tí wọ́n gbé wá láti etí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, nígbà tí wọ́n kó wá sí Ìbẹ̀ṣẹ̀ ní Ìkòròdú. Wọ́n lu ihò mẹ́ta sí etí rẹ̀, wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n sì ta kókó sára okùn náà ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó dẹ ìgèrè ìpẹja síbì kan, wọn á kọ́kọ́ rán àwo lọ wo ilé ẹja. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ọmọ wọn: ìgbà tí omi bá ń fà padà sí òkun ni kó máa wọ̀n ọ́n.

"Bí omi bá ń kún, ọ̀sà ló ń sọ̀rọ̀," wọ́n máa ń wí. "Bí omi bá ń fà, ilẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ la sì ń gbé, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ká máa gbọ́."

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wá le ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ báyìí, nítorí ilé ìtajà alájà mẹ́rin kan tó yọrí sí èbúté. Gíláàsì ló bo gbogbo ara rẹ̀, nítorí náà Onígíláàsì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Báǹkì wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù aṣọ wà níbẹ̀, ilé oúnjẹ mẹ́ta sì wà nísàlẹ̀. Bí oòrùn àárọ̀ bá ta sí ọ̀sà, ìmọ́lẹ̀ omi a máa gun ara ilé náà lọ sókè, yóò dà bíi pé omi ń rìn lórí ògiri. Oríyọmí lè dúró wo ìyẹn títí agogo ilé ìwé yóò fi lù.

Kí iléeṣẹ́ tó kọ́ ilé náà tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n ti ṣèlérí níwájú baálẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò fi ẹ̀rọ kan síbẹ̀ tí yóò máa sẹ́ gbogbo omi ìdọ̀tí ilé náà kó tó dé ọ̀sà. Kí ìlú lè gbà wọ́n gbọ́, wọ́n ní kí ọmọ ilé ìwé kan ládùúgbò máa wọn omi ní gbogbo Ọjọ́rú àti Sátidé, kó sì máa kọ iye tó bá rí sínú ìwé. Bó bá ṣe é fún ọdún kan gbáko, àwọn yóò rán an lọ sí yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́. Olùkọ́ wọn kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó yan Oríyọmí, ọmọ ọmọ apẹja. Ẹ̀kọ́ nípa ẹja àti omi ni ọmọ náà sì fẹ́ kọ́ láti kékeré. Ìyá rẹ̀, tó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́ tó sì ń wálé lọ́jọ́ Àìkú nìkan, sunkún ayọ̀ nígbà tó gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni Oríyọmí ti ń rí ara rẹ̀ lójú àlá, tó wọ ẹ̀wù funfun gígùn, tó ń bá ẹja sọ̀rọ̀ nínú ìgò.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Ṣọ́ọ̀bù kún, ilé oúnjẹ kún, iye inú ìwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀: mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́ta, méjì. Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà, máníjà Onígíláàsì, pè é sí ọ́fíìsì wọn lókè pátápátá. Ọ́fíìsì náà tutù dáadáa. Gbogbo ọ̀sà ló tẹ́ sílẹ̀ níwájú fèrèsé, àwọn ọkọ̀ apẹja sì kéré lórí rẹ̀ bí ewé. Ojú Oríyọmí ti bá wọn lọ.

"Oríyọmí, kí ló dé tí omi ń burú sí i báyìí?"

"Ó wà lọ́wọ́ ìgbà tí mo bá lọ, sà," ló wí, láìkúrò lójú àlá. "Bí omi bá ń kún, ó máa ń mọ́ gan-an. Àwo máa ń dé kókó méje. Ìgbà tó bá ń fà ló máa ń dọ̀tí."

Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà gbé bírò kalẹ̀. "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà. Gbogbo apẹja ló mọ̀ ọ́n."

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọmọ náà ti sọ ọ́ tán kó tó mọ ohun tó sọ.

"Ó dáa," ni máníjà wí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í pariwo. "Láti òní lọ, ìgbà tí omi bá ń kún ni kí o máa wọ̀n ọ́n."

"Ìyá Àgbà ní—"

"Mi ò ní kí o purọ́ o. Ohun tí o bá rí ni kí o kọ. Àsìkò nìkan la yí padà. Lóṣù mẹ́ta sí i, àwọn àlejò ń bọ̀ wá wo bí a ṣe ń tọ́jú àyíká, kí wọ́n lè fún wa ní ìwé ẹ̀rí. Bí a bá rí i gbà, kò sí ohun tó lè dí yunifásítì rẹ lọ́wọ́."

Oríyọmí sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Munirah bí wọ́n ṣe ń rìn bọ̀ láti ilé ìwé. Ìgbògbò ni àwọn òbí Munirah ń gbé, Ọ̀ṣun ni wọ́n ti wá, ọmọ náà kò sì mọ ọ̀sà ju kó rí i lókèèrè lọ.

"Ṣé àwo yẹn máa dé kókó méje lóòótọ́?" Munirah bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé méje náà lo máa kọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí wá ni ìṣòro ẹ? Ìwọ náà máa ń ronú jù. Tó bá jẹ́ èmi ni, mo ti ń palẹ̀ ẹrù yunifásítì mọ́."

Báyìí ni Oríyọmí ṣe sọ fún Ìyá Àgbà pé kí wọ́n máa sinmi, pé òun á máa dá lọ sórí afárá onípákó tó wà lẹ́yìn Onígíláàsì. Ó ń ṣọ́ ìgbà tí omi bá ń kún, ó sì ń rán àwo lọ. Méje. Mẹ́fà. Méje. Ìwé náà wá dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí àwo bá ń rì, ọkàn rẹ̀ kì í bá a lọ mọ́. Orí afárá ló máa ń dúró sí, yóò ka kókó, yóò sì kásẹ̀ kúrò níbẹ̀ kíákíá.

Ní ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ àlejò, ó mú ìwé lọ sí ọ́fíìsì. Ó pàdé Rídwàn, ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ asẹ́mi, tó ń jáde bọ̀ pẹ̀lú ojú kíkorò.

"Ìwọ lo ń kọ ìwé omi, àbí?" Rídwàn wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé pé ẹ̀rọ yẹn kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, pé ká ra òmíràn. Wọ́n ṣí ìwé tìẹ fún mi. Wọ́n ní omi mọ́, kó di ọdún tó ń bọ̀."

Ó kọjá lọ. Oríyọmí dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé náà láyà, ó sì wá wúwo sí i lọ́wọ́. Ó ti rò pé yunifásítì nìkan ni ìwé náà ń gbé òun lọ, kò mọ̀ pé ó ń di ẹnu ẹlòmíràn.

Nígbà tó délé, ìgèrè mẹ́wàá wà ní ẹnu ọ̀nà. Ẹja díẹ̀ tó wà nínú wọn ti wú, wọ́n ń rùn. Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí, wọ́n ń fi òróró àdí pa ọwọ́ wọn tí omi ọ̀sà ti mú kó lé ròrò láti orí ìka dé ìgbọ̀nwọ́.

"Mélòó lo bá kẹ́yìn?" wọ́n bi í.

"Méje, mà."

Ìyá Àgbà gbójú sókè. "Nígbà wo?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Nígbà tó ń kún."

Ó ń retí ìbínú. Ìbínú ì bá sàn fún un. Ṣùgbọ́n ńṣe ni ìyá àgbàlagbà náà mú àwo lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi eérú fọ̀ ọ́, wọ́n sì fi í kọ́ ara ògiri. "O bi ọ̀sà," wọ́n wí. "O ò bi ilẹ̀." Ojú ti Oríyọmí débi pé kò lè jẹun.

Lọ́jọ́ Sátidé tí àwọn àlejò dé, agogo mẹ́wàá àárọ̀ ni gbogbo wọn dúró lórí afárá: àwọn àlejò méjì, Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà, àti Arábìnrin Ọláwùmí, olórí iléeṣẹ́ náà fúnra wọn. Omi ń kún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àwo Ìyá Àgbà ṣì wà lára ògiri, nítorí náà Oríyọmí ti so okùn oníkókó mọ́ àwo funfun mìíràn. Oríyọmí rán àwo lọ. Kókó méje. Wọ́n pàtẹ́wọ́, àlejò kan sì ṣí bírò.

"Ọmọ wa," Arábìnrin Ọláwùmí wí tẹ̀rín-tẹ̀rín, "ṣé báyìí lo ṣe máa ń rí i?"

Oríyọmí gbójú sókè. Ìmọ́lẹ̀ omi ń rìn lórí gíláàsì, ó rọra ń rìn, bíi pé gbogbo ayé ń sùn. Ó rí ẹ̀wù funfun rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó rí ìyá rẹ̀ tó ń sunkún ayọ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kò tilẹ̀ purọ́. Lẹ́yìn náà ló rí ọwọ́ Ìyá Àgbà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìgbà tí omi bá ń kún nìkan ni. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ dúró kí omi fà."

Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà ní ọmọdé ni, kò mọ ohun tó ń sọ. Arábìnrin Ọláwùmí wo máníjà, wọ́n wo ọmọ náà, wọ́n sì bọ́ bàtà wọn. "A ó dúró," wọ́n wí.

Wọ́n dúró. Ní agogo kan ọ̀sán, pàǹtí tó ń léfòó lórí omi dúró jẹ́ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ọ̀nà òkun. Nígbà tó fi máa di agogo mẹ́ta, omi dúdú ti ń yọ láti ìdí Onígíláàsì, òórùn rẹ̀ sì ti bò wọ́n. Oríyọmí rán àwo lọ. Kókó kejì kò tíì wọ omi tán tí àwo fi pòórá. Arábìnrin Ọláwùmí gba okùn náà, wọ́n rán an lọ fúnra wọn. Ibẹ̀ náà ló ti pòórá. Àlejò pa bírò rẹ̀ dé.

"Ilé wa ni," Arábìnrin Ọláwùmí wí nígbẹ̀yìn. "Ìdọ̀tí wa náà ni."

Wọn kò rí ìwé ẹ̀rí gbà. Wọ́n ti ilé oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa títí Rídwàn fi rí ẹ̀rọ tuntun gbà, Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà sì fi ipò máníjà sílẹ̀. Wọ́n pe Oríyọmí náà. "O ṣe akin lọ́jọ́ yẹn," Arábìnrin Ọláwùmí sọ fún un. "Ṣùgbọ́n ìwé oṣù mẹ́ta tí o kọ kò ṣeé gbára lé, òun la sì fi jẹ́ kí ẹ̀rọ bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mi ò lè fi ìwé yẹn rán ẹ lọ sí yunifásítì." Oríyọmí ní òún gbọ́, mà. Ó rìn dé etí omi kó tó sunkún, ó sì sun ún tẹ́rùn.

"Ò bá ti dákẹ́," ni Munirah wí. Ṣùgbọ́n òun náà ló bá a jókòó títí ó fi dákẹ́, òun náà ló sì ń bá a ka ìwé ìdánwò láti ìgbà náà, nítorí yunifásítì kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ ló kàn jìn sí i.

Iléeṣẹ́ so àwo funfun mìíràn mọ́ afárá, wọ́n sì gbé pátákó kan síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè wọn omi nígbà tó bá ń fà, kó sì kọ iye rẹ̀ sójú gbogbo ayé. Ẹ̀yìn ilé la fi ń mọ ilé tó dára, kì í ṣe gíláàsì iwájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ ẹnu wa: òtítọ́ tí a ṣa àsìkò fún, àbúrò irọ́ ni.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Ìyá Àgbà mú àwo kúrò lára ògiri. Ọwọ́ wọn ti jinná. Wọ́n wa ọkọ̀ jáde nígbà tí omi ń fà, Oríyọmí kúnlẹ̀ síwájú, ó ń tú okùn sílẹ̀. Àwo ń rì, ó ń tàn, ó ń rì.

"Mélòó?" Ìyá Àgbà bi í.

Kò dáhùn. Ọkàn rẹ̀ ti bá a lọ.

Ìyá Àgbà kò bi í lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n di ọkọ̀ mú, wọ́n sì dúró dè é.