Ẹni Tí Yóò Bá Khotso Lọ

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, bí agogo bá ti lu méjìlá ọ̀sán kọjá ogún ìṣẹ́jú, ilẹ̀ yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ a máa gbọ̀n. Kì í gbọ̀n púpọ̀. Omi inú ife á kàn ru díẹ̀, gíláàsì fèrèsé á sì dún bí eyín ẹni tí òtútù mú, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Bẹ́ẹ̀, ó ti lé lógún ọdún tí ọkọ̀ ojú irin kankan ti gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ti hú irin ojú ọ̀nà náà kúrò, koríko ló kù síbẹ̀.

Àwọn tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́ ní kí n má ṣe yọ ara mi lẹ́nu. Wọ́n ní abẹ́ ìlú Johannesburg ti di ihò látàrí wúrà tí wọ́n ti ń wà níbẹ̀ láyé àwọn baba ńlá wọn, pé ilẹ̀ a máa jìn nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún nígbà mìíràn. Mo gbà wọ́n gbọ́. Mi ò béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé Ọjọ́bọ̀ nìkan ni ilẹ̀ ń jìn.

Ìbídùn ni orúkọ mi. Ìkirè ni wọ́n ti bí mi. Hillbrow, ní àárín ìlú Johannesburg, ni èmi àti ọkọ mi, Délé, ń gbé nígbà náà, ní àjà kẹsàn-án ilé gogoro kan. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú ara ènìyàn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ẹ̀síréè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013, mo ríṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan ní Vaalrand, ní gúúsù ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òkìtì erùpẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí àwọn awakùsà kó jọ. Àwọn àgbà tó ti ṣiṣẹ́ nínú kòtò wúrà rí, tí eruku ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́, ni à ń tọ́jú níbẹ̀.

Ibùdókọ̀ rélùwéè àtijọ́ ni ilé ìwòsàn náà. Bíríkì pupa ni wọ́n fi kọ́ ọ, òpó irin ló sì gbé òrùlé rẹ̀ ró. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wó o nítorí pé ó ti pẹ́, ni ẹgbẹ́ aláàánú kan bá gbà á, wọ́n sì sọ ọ́ di ibi ìtọ́jú. Ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ni àwọn aláìsàn ti ń gba káàdì báyìí. Yàrá tí àwọn òyìnbó nìkan ń jókòó sí láyé àtijọ́ di yàrá dókítà. Yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù sí ni wọ́n fún mi, nítorí ògiri rẹ̀ nípọn, kò sì ní fèrèsé ju ẹyọ kan lọ. Ó ní ilẹ̀kùn kan tó kọjú sí pèpéle, níbi tí èrò ti ń wọkọ̀ tẹ́lẹ̀. A kì í ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù kí n tó débẹ̀.

Láàrin àwọn aláìsàn wa, ọ̀kan wà tí gbogbo wa fẹ́ràn. Molefi ni orúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, ọmọ ilẹ̀ Lesotho. Ntate Molefi la máa ń pè é, torí Ntate ni wọ́n ń pe bàbá ní èdè Sotho. Ọlọ́yàyà ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n kò gbà rí kí n ya àwòrán àyà òun. Ó ní òun á kúkú lọ ya á ní Soweto níbi tí òun ń gbé. Tó bá ń kọjá níwájú yàrá mi, ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa ń rọ̀ mọ́.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹjọ ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kejì rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn obìnrin sí ní orílẹ̀-èdè náà, mo sì fẹ́ tètè lọ sílé. Atẹ́gùn ń gbé erùpẹ̀ òkìtì wọnnì kiri títí eyín ènìyàn fi ń ṣe ṣákiṣàki. Bí mo ṣe gbójú sókè, mo rí ọkùnrin kan tó dúró nínú yàrá. Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò lè ju ẹni ogójì ọdún lọ, ó da kúbùsù Lesotho bora, ó sì fi píìnì ńlá kan há a ní èjìká. Mo béèrè ìwé tí dókítà fún un. Ó ní òun kò ní ìwé. Mo béèrè orúkọ rẹ̀, ó ní Khotso. Mo rò pé ẹni tuntun ni.

Ó bọ́ kúbùsù náà, ó fi kọ́ èèkàn ara ògiri. Mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ kí n lè tún ìdúró rẹ̀ ṣe. Ara rẹ̀ tutù bí irin tó sun ìta mọ́jú. Mo lọ sẹ́yìn ògiri òjé tí mo máa ń dúró sí kí ìtànṣán ẹ̀rọ má baà kàn mí, mo ní kó dá èémí dúró. Mi ò rí ìyàtọ̀ kankan ní àyà rẹ̀. Nígbà tí mo yà á tán, mo ní kó máa mí. Níbẹ̀ náà, mi ò rí ìyàtọ̀.

Ó béèrè lọ́wọ́ mi, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, pé ṣé òun lè rìnrìn àjò. Mo ní dókítà ni yóò sọ ìyẹn, ṣùgbọ́n mo rò pé ó ṣeé ṣe.

"Wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí àyà rẹ̀ bàjẹ́ dá wọkọ̀," ó wí. "Ta ni yóò bá mi lọ?"

Mo ti ń palẹ̀ mọ́. Ẹnu mi ṣáájú ọkàn mi.

"Bí kò bá sí ẹlòmíràn, Ntate, èmi á bá yín lọ."

Ó wò mí pẹ́. "Ó dára," ó wí. "Mo ti gbọ́."

Ó da kúbùsù rẹ̀ bora, ó sì bá ilẹ̀kùn tó kọjú sí pèpéle jáde. Ilẹ̀ gbọ̀n. Ó di ìgbà tí omi inú ife mi dákẹ́ kí n tó rántí pé ilẹ̀kùn yẹn kì í ṣí. Mo lọ fà á. Ó há gbagidi.

Mo gbé àwòrán rẹ̀ síwájú iná. Àyà náà funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n rọ sìmẹ́ǹtì sínú rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ kò lè rìn wọ yàrá. Ní ibi èjìká rẹ̀ ni píìnì ńlá kan wà, tí orí rẹ̀ dà bí fìlà ṣóńṣó tí àwọn ará Lesotho ń dé. Bẹ́ẹ̀, ara èèkàn ni kúbùsù àti píìnì rẹ̀ wà nígbà tí mo ya àwòrán náà.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, ohun tí mò ń tu jáde ti ń dún gbìnrín bí iyanrìn nínú báṣíà. Mo sọ ohun gbogbo fún Délé. Kò bá mi jà, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ní ọ̀rọ̀ tí a bá fi ṣeré kì í sábà ṣeré pẹ̀lú ẹni. A gbàdúrà títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Dókítà Morádéyọ̀, ọmọ Oǹdó tó jẹ́ ọ̀gá wa, ní kí wọ́n ya àwòrán àyà mi. Ó ti ilẹ̀kùn kó tó fi hàn mí.

"Ìbídùn, má purọ́ fún mi. Ọdún mélòó lo lò nínú ilẹ̀?"

"Nínú ilẹ̀ wo, Dókítà?"

"Nínú kòtò wúrà. Àyà ẹni tó ti gbẹ́lẹ̀ fún ogún ọdún nìyí."

Mo sọ fún un pé mi ò wọ kòtò wúrà rí láyé mi. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń wá ẹni tí yóò já òun nírọ́ ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, Délé ní mi ò gbọdọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Òun náà kò lọ. A jókòó sí pálọ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí aago di méjìlá kọjá ogún, àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí dún, ní òkè kẹsàn-án, ní Hillbrow. Òórùn èédú tó ń jó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Ṣé o ti dágbére fún àwọn ará ilé rẹ?"

Délé bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń wo ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ ariwo ife, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohùn náà.

Mo wá mọ̀ pé sísá kò lè gbà mí. Ní ọjọ́ kejì, mo padà sí Vaalrand láti tún wo àwòrán Khotso. Mo ti gbé e síwájú iná, mo sì gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn. Ntate Molefi ń kọjá lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì bí ìṣe rẹ̀. Ojú rẹ̀ bá àwòrán náà láti ibẹ̀. Ó dúró. Ọ̀pá rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi ni mo ra píìnì yẹn fún un," ó wí.

Mo mú un jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo sọ tèmi fún un, ó sì sọ tirẹ̀ fún mi. Ní ọdún 1958, yàrá kan náà ni òun àti Khotso ń sùn ní ilé gbígbé àwọn awakùsà. Abúlé kan náà ni wọ́n ti wá, Khotso ló sì kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí àyà Khotso bàjẹ́ tán, àwọn ọ̀gá wọn ní kó máa lọ sílé, kó má baà kú sọ́wọ́ àwọn. Òfin wọn ni pé aláìsàn kò gbọdọ̀ dá rìn, ni wọ́n bá ní kí Molefi mú un délé. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ ń lọ. Wọ́n tètè dé, Molefi sì gbé Khotso jókòó sínú yàrá ẹrù, torí ìta tutù. Ọmọbìnrin kan wà ní Alexandra, ní òdìkejì ìlú, tí Molefi fẹ́ rí kó tó lọ, torí ó mọ̀ pé àwọn ọ̀gá kò ní í jẹ́ kí òun padà bọ̀rọ̀.

"Mo sọ fún un pé, 'Dúró dè mí, mò ń bọ̀.' Nígbà tí mo rí ọmọbìnrin náà, mo mọ̀ pé mi ò ní lọ mọ́. Mo rò pé wọ́n á gbé e wọkọ̀. Mo rò pé ẹnìkan á ṣáà gbé e."

Kò sí ẹni tó gbé e. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n tó rí i, lórí ìjókòó, ó kọjú sí ilẹ̀kùn.

Bàbá náà nu ojú rẹ̀. Ó ní kí n gbọ́ òun dáadáa, pé ìrìn àjò náà kì í ṣe tèmi.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, ó dé kí agogo mọ́kànlá tó lù. Ó ti wẹ̀, ó ti fá irùngbọ̀n, ó da kúbùsù tuntun bora. Ó wọ yàrá mi fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ ra ara ògiri bí ẹni tó ń wá ibì kan. Ó ní kí n wà lẹ́yìn ògiri òjé, ohunkóhun tí wọ́n bá bi mí, kí n má dáhùn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ sílé. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní òun ń lọ sílé náà ni.

Ilẹ̀ gbọ̀n, lọ́tẹ̀ yìí kò sì dákẹ́. Òórùn èédú kún yàrá. Ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ṣí sílẹ̀, Khotso sì wọlé. Òkè orí bàbá náà ló gbà wò mí.

"Àkókò ti tó. Ẹni tí yóò bá mi lọ dà?"

Ẹsẹ̀ mi gbéra. Mo fi orúkọ Ọlọ́run sọ ọ́, èmi kọ́ ni mo gbé e. Mo ti jáde sẹ́yìn ògiri òjé kí Ntate Molefi tó na ọ̀pá rẹ̀ dí mi lọ́nà.

"Èmi nìyí, Khotso. Mo pẹ́."

Khotso yẹ ojú rẹ̀ wò fínnífínní.

"O ti darúgbó."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O ní ò ń bọ̀."

"Mo ti dé."

Bàbá náà mú un ní apá, bí a ṣe ń mú aláìsàn, wọ́n sì jọ jáde. Mo gbọ́ èéfín tó ń tú sùùù. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ irin tó ń yí lórí irin, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà kíákíá, títí ó fi jìnnà.

Orí bẹ́ǹṣì pèpéle ni a ti rí Ntate Molefi. Ara rẹ̀ ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n ó ti kú. Dókítà Morádéyọ̀ ní àyà rẹ̀ ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó tún ya àwòrán tèmi. Ó mọ́ kedere. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé fíìmù àkọ́kọ́ ló bàjẹ́, ó sì tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Délé ní kí n kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo gbà. Ìwé náà wà nínú báàgì mi nígbà tí mo padà lọ ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e láti lọ fún wọn.

Mo ṣí yàrá mi láti kó ẹrù mi. Ọkùnrin mẹ́sàn-án ló jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Wọ́n ti bọ́ aṣọ, wọ́n ti ká kúbùsù wọn síwájú ẹsẹ̀. Kò sí èyí tó ń mí nínú wọn. Wọ́n ti gbọ́ pé níbí ni a ti ń wá ẹni tí yóò bá èrò lọ.

Mi ò lè sá. Mo ya àwòrán wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ṣe tán, ẹni àkọ́kọ́ dìde, ó bi mí ta ni yóò bá òun lọ, àwọn mẹ́jọ yòókù sì gbójú sókè láti gbọ́ èsì. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi.