Òpó Jùbrílù

"Ìwọ ló kàn! Má gbàgbé ti ìbọn yẹn o!"

Rhoda ló ń fi ìgúnpá gún Fàsílátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èrò kún èbúté Etikan lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ sì pọ̀ débi pé omi gan-an ò ráyè mí.

Ọdún kejì tí ogun Bọ́mà parí nìyí. Òkúta ìrántí tí àwọn òyìnbó gbé kalẹ̀ nígboro kò dárúkọ ọmọ Ìlàjẹ kan ṣoṣo, làwọn ará abúlé bá ní àwọn yóò bọlá fún àwọn ọmọ àwọn fúnra àwọn. Wọ́n ri òpó kọ̀ọ̀kan sétí omi fún ẹni tó lọ sógun, kí ọkọ̀ tó bá gúnlẹ̀ máa so okùn mọ́ ọn. Ọmọ onítọ̀hún ni yóò sọ ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe lójú gbogbo èrò lónìí.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Jùbrílù, bàbá Fàsílátù, kò yìnbọn rí. Ẹrù ló rù. Bí Rhoda bá sì ti ń fi bàbá tirẹ̀ yangàn, Fàsílátù náà a ní bàbá òun pa ọ̀tá bí ẹni pa yànmùyánmú.

Ó wo bàbá rẹ̀. Bàbá náà dé fìlà funfun, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ lọ sógun sì jókòó tì í. Bí Fàsílátù bá pa irọ́ yìí, níṣojú wọn ni bàbá rẹ̀ yóò ti tẹ́.

"Bàbá mi ò yìnbọn," ló bá sọ. "Ẹrù ni wọ́n rù. Ìrẹsì àti ọta, nínú ẹrẹ̀, lórí òkè, títí irun àtàrí wọn fi re."

"Irọ́ lo wá ń pa fún mi látijọ́ yìí!" Rhoda pariwo. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ojú gba Fàsílátù tì.

Ni Ọlábọ̀dé, bàbá Rhoda, akọni ogun náà, bá dìde. Ó bọ́ sómi, ó tú ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lára òpó tirẹ̀, ó fà á lọ so mọ́ òpó Jùbrílù.

"Ọta tí mo yìn, orí ta ló gbé e dé ọwọ́ mi?" ló bi wọ́n. "Ìrẹsì tí mo jẹ tí n ò fi kú ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n Jùbrílù, ẹ ṣeun o!"

Ariwo ayọ̀ sọ. Ológun mìíràn tú ọkọ̀ tirẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e, títí okùn fi bo òpó náà. Jùbrílù ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Rhoda fò mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ẹ ti sọ òpó bàbá mi dòfìfo o!" ló wí, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí.

Ọjọ́ náà ni Fàsílátù mọ̀ pé ohun tí bàbá òun ṣe gan-an tóbi ju irọ́ tí òun fi ń bò ó lọ. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi irọ́ ṣe òbí yín lọ́ṣọ̀ọ́. Òótọ́ wọn ti tó yín í fi yangàn.