Oníbàárà Tó Ń Bọ̀ láti Kánò

"Bàbá, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún!" Qúdrát ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ etí mọ́ iwájú mọ́tò náà.

Mọ́tò asáré pupa kan ni. Ó rẹlẹ̀, táyà rẹ̀ fẹ̀, enjíìnì rẹ̀ sì ń kùn bí ẹni tí inú ń bí. Irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ rárá ní Maiduguri. Alhájì Ṣàíbù, bàbá Qúdrát, ló ni ọgbà tí wọ́n ti ń ta mọ́tò náà nítòsí Old GRA. Bí Qúdrát bá ti jáde ilé-ìwé, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yà kó tó lọ sílé ní Umarari.

"Èló ni?" ó béèrè.

"Iye tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é pè é wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń rí i rà ní iye yẹn."

"Me ya sa? Kí ló dé?"

"Wọn kì í ṣe púpọ̀ lọ́dún. Àwọn tó ń fẹ́ ẹ pọ̀ ju èyí tí wọ́n ṣe lọ, ìyẹn làwa tó ń tà á fi ń lé owó lórí. Ọ̀gá tó ń kó o wọlé l'Ékòó fún mi ní ẹyọ kan péré. Tí mo bá tètè tà á, á tún fún mi ní òmíràn. Tí kò bá tà, ìlú míì ló máa gbé e lọ."

Ọ̀rọ̀ náà ya Qúdrát lẹ́nu. Mọ́tò kan náà, irin kan náà, iye rẹ̀ sì ń gòkè kìkì nítorí pé àwọn èèyàn ń fẹ́ ẹ! Ibo ló wá máa dúró?

Ní ọjọ́ Sátidé, Dókítà Fọlárìn, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn kan nílùú, wá wo mọ́tò náà. Ó yí i ká, ó jókòó sínú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Alhájì sọ iye rẹ̀ fún un, ó sì sọ èyí tí òun lé lórí iye ilé-iṣẹ́. Dókítà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bá ìyàwó òun sọ ọ́.

Kété tó lọ, Alhájì lọ kí ìbátan rẹ̀ kan ní Khaddamari, ó sì fi fóònù ọjà sọ́wọ́ Qúdrát. Humaira, ọ̀rẹ́ rẹ̀, jókòó tì í.

"Tó o bá sọ fún Dókítà pé ẹlòmíràn ń bọ̀ ńkọ́?" ni Humaira wí. "Ṣé ó máa fi kún un?"

Ohun tí Qúdrát ti ń fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí Dókítà pé oníbàárà kan ń bọ̀ láti Kánò, àti pé iye tí ẹni náà fẹ́ san ju èyí tí Alhájì pè lọ.

Kò pẹ́ tí èsì fi dé: "Mo máa fi kún un."

"Wallahi, ó ṣiṣẹ́!" Humaira pariwo.

Qúdrát tún kọ ọ́ pé ẹni Kánò náà ti fi kún tirẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, fóònù dákẹ́. Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ kí èsì tó dé: "Ọmọ mi, bá mi kí Alhájì. Bí ẹni yẹn bá fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbé e. Mo ti rí mọ́tò míì ní Jos, mo sì ti san àsansílẹ̀."

Bí Alhájì ṣe dé tó ka ọ̀rọ̀ náà, ó gbójú sókè. "Ta ni ẹni Kánò?"

"Sọ pé kò wá mọ́," Humaira sọ ọ́ sí Qúdrát létí.

Irọ́ kan péré ni, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ṣùgbọ́n Qúdrát wo ojú bàbá rẹ̀, kò lè sọ ọ́.

"Kò sí ẹnì kankan, Bàbá. Mo fẹ́ mọ ibi tí iye rẹ̀ máa dé ni."

Alhájì jókòó. Kò pariwo. "Èmi náà lé owó lórí mọ́tò yìí," ó ní, "ṣùgbọ́n ojú Dókítà ni mo ti sọ ọ́. Ó mọ ìdí tó fi wọ́n. Ìwọ ta ohun tí kò sí fún un."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jọ lọ sílé Dókítà. Qúdrát kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

Dókítà mí kanlẹ̀. "Ṣé o mọ ohun tó dùn mí? Kì í ṣe mọ́tò. Èmi àti ìyàwó mi bá ara wa jà nítorí owó tí mo ní màá fi kún un. Nítorí ẹni tí kò sí!"

Omijé bọ́ lójú Qúdrát. Dókítà dárí jì í, ṣùgbọ́n owó Jos kò ṣeé gbà padà mọ́. Mọ́tò pupa náà wà nínú ọgbà títí eruku ọyẹ́ fi bò ó. Iye ilé-iṣẹ́ gan-an ni Alhájì padà tà á, kò rí èrè kankan. Ọ̀gá Èkó sì gbé èyí tó tẹ̀lé e fún oníṣòwò kan ní Gombe.

Qúdrát rò pé bàbá òun kò ní jẹ́ kí òun fọwọ́ kan fóònù náà mọ́. Nígbà tó yá, Alhájì dá a padà fún un. "Ohun tó bá wà ni kó o máa sọ," gbogbo ohun tó wí nìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Màdáàmù Theresa, olùkọ́ ní yunifásítì, dúró ti jíìpù funfun kan. "Ṣé àwọn míì ń fẹ́ ẹ? Ṣé kí n yára ni?"

Ó ti yé Qúdrát báyìí pé ohun tí kò pọ̀ lè wọ́n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rẹ́ni jẹ, ṣùgbọ́n tí oníṣòwò bá ti purọ́, kò sí ohun tó ṣẹ́ kù fún un láti tà, torí ẹnikẹ́ni kò ní gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ mọ́.

"Rárá, mà," ó dáhùn. "Ẹ̀yin nìkan lẹ ti béèrè rẹ̀."

Obìnrin náà wò ó tìyanutìyanu. Lẹ́yìn náà ló fa àga, tó jókòó. "Ó dáa. Lọ pe bàbá ẹ wá, ká sọ̀rọ̀."