Ìparí Tí Ṣìkẹ́mi Kò Kà

"Ojú ewé yẹn náà lo ṣì wà?"

Ohùn Ṣìkẹ́mi Jọláyẹmí kò lọ sókè, ṣùgbọ́n ó gún bí abẹ́rẹ́. Kúlúsúmù, tó jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àǹtí Oyèlárán ní Minanata, ní Sókótó, kò gbórí sókè. Ìka rẹ̀ wà lórí ìwé, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìlà, ètè rẹ̀ sì ń mì.

"Ó dùn ni," ó fèsì. "Mò ń rọra jẹ ẹ́ ni."

"Ó dùn, àbí kò yé ẹ? Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló ń fìka kàwé. Àbí o rò pé aṣọ oníbàárà lò ń wọ̀n?"

Iṣẹ́ aránṣọ ni Kúlúsúmù ń kọ́ ní Tudun Wada. Ọdún méjì ló kù kó parí ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà tí àìsàn bàbá rẹ̀ já a kúrò níbẹ̀. Ṣìkẹ́mi mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tí kì í fi jẹ́ kí ọ̀rọ̀ aṣọ jìnnà sẹ́nu rẹ̀.

"Haba, Ṣìkẹ́mi, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀," ni Tóbilọ́ba sọ. Bàbá Tóbilọ́ba ló ń ṣe búrẹ́dì ní Gawon Nama, òórùn ìyẹ̀fun kì í sì í kúrò lára ọmọ náà. "Ẹni tó ń fìka kà á, ó kéré tán, kò lè fo ìlà."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ṣìkẹ́mi gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí eṣinṣin bà lé.

Àwọn mẹ́fà ni wọ́n máa ń pàdé lọ́dẹ̀dẹ̀ yẹn ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, gbogbo wọn ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ gbé òbí wọn wá sí Sókótó. Ìwé oríṣi méjì péré ni wọ́n ń kà níbẹ̀: ìtàn ìlú àràmàǹdà tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ rí, àti ìtàn ayé ọjọ́ iwájú, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ronú tí ọkọ̀ sì ń ná ìràwọ̀ bí ẹní ń ná ọjà. Níta, àwọn ojúgbà wọn a máa pè wọ́n ní olóríi-dídàrú. Lọ́dẹ̀dẹ̀ Àǹtí, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè ohun tí ìwé bẹ́ẹ̀ fẹ́ ṣe fún wọn nínú ìdánwò.

Òfin kan ṣoṣo ló wà tí Àǹtí Oyèlárán kì í fi ṣeré: a kì í sọ ìparí ìwé fún ẹni tí kò tíì débẹ̀. Ọwọ́ sí ọwọ́ ni ìwé máa ń lọ láàrin wọn. Títí ẹni tó kẹ́yìn yóò fi pa ìwé náà dé, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mẹ́nu ba ẹ̀yìn rẹ̀, ìbáà ṣe ìdajì gbólóhùn. Nígbà kan tí Daniel Adéṣínà sọ ìparí ìwé kan síta, ọ̀sẹ̀ méjì ló fi jókòó sílé.

Sátidé tí à ń wí yìí yàtọ̀ sí tẹ́lẹ̀. Àǹtí Oyèlárán ti fi ọdún méjìlélógún kọ́ni ní Sókótó, ó wá ń fẹ̀yìn tì, ó ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àpótí onírin dúdú tó kún fún ìwé àràmàǹdà, mẹ́tàléláàádọ́rin lápapọ̀, kò ní bá a lọ. "Ìwé kò gbọdọ̀ lọ sílé kí àwọn tó ń kà á wà lẹ́yìn odi," ló wí. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni yóò gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí yóò máa ṣe alábòójútó ìwé fún àwọn tó kù.

Ṣìkẹ́mi fẹ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn ju bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ti fẹ́ omi lọ. Ó ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ n'Íbàdàn pé òun lòun máa gbà á. Bàbá rẹ̀, máníjà báńkì, ti ní kí káfíńtà kan pẹpẹ ìwé sí yàrá rẹ̀. Ta ni yóò tún gbà á? Òun ló ń gba ipò kìíní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì. Òun ló mọ orúkọ gbogbo ìwé tí àwọn olólùfẹ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ń kà lágbàáyé lọ́dún yìí.

Orúkọ ni kẹ̀. Orúkọ nìkan ló mọ̀. Ó ti pé ọdún kan tí Ṣìkẹ́mi ti ka ìwé kan parí. Bó bá gba ìwé, yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì, yóò ya fọ́tò rẹ̀, yóò sì gbé e sórí WhatsApp: "Èyí ni mò ń kà lọ́wọ́." Lẹ́yìn náà ni yóò ju ìwé sábẹ́ ìrọ̀rí, tí yóò wá lọ sórí fóònù bá àwọn tó ti kà á tí wọ́n kó kókó rẹ̀ jọ. Òkèlè tí ẹlòmíràn ti jẹ lẹ́nu ló ń gbé mì, tó wá ń nu ètè bí ẹni tó jẹun níbi àsè.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣe *Ayaba Aláṣọ Iyọ̀*. Ìtàn ayaba kan ni, tí wọ́n fi iyọ̀ hun aṣọ rẹ̀, tó sì gbọdọ̀ la orílẹ̀-èdè kan kọjá níbi tí òjò kì í dá. Àǹtí rà á lọ́wọ́ oníwèé àlòkù, ó fi bébà kàlẹ́ńdà bò ó. Kúlúsúmù ló kọ́kọ́ kà á. Ó ti ọwọ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́rin, Ṣìkẹ́mi ló wá ṣẹ́kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ló fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìparí rẹ̀ ń jó àwọn yòókù lẹ́nu bí iṣu gbígbóná, wọ́n ń bẹ Ṣìkẹ́mi pé kó jọ̀ọ́ kó parí ẹ̀.

Àǹtí Oyèlárán jáde síta, ó jókòó, ó fi kọ́kọ́rọ́ sórí itan.

"Ó yá, kí lẹ̀ ń kà lọ́wọ́?"

Tóbilọ́ba ní òun ń ka ti àwọn èèyàn tí wọ́n bí sínú ọkọ̀ òfuurufú kan, tí ìran mẹ́ta ti kú sínú rẹ̀ tí kò sì sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń bà á sílẹ̀. Daniel ń ka ti ẹ̀rọ ìdáná kan tó kọ̀ láti se oúnjẹ fún ọ̀gá tó burú. Kúlúsúmù ní òun ṣì wà lójú ewé kẹtàlélọ́gọ́ta nínú tòun, ìtàn igbó tó ń ṣí láti ibì kan lọ síbòmíì.

Ó kan Ṣìkẹ́mi.

"Mo ti parí *Ayaba Aláṣọ Iyọ̀*, mà."

"Ọpẹ́ o," ni Tóbilọ́ba wí, ó na ẹsẹ̀. "Ìdè ti já lẹ́nu wa. Báwo lo ṣe rí ìparí ẹ̀?"

Gbogbo ojú yí sí i. Kúlúsúmù pàápàá pa ìwé rẹ̀ dé. Ṣìkẹ́mi tún aṣọ rẹ̀ ṣe.

"Ìparí yẹn gan-an ló dùn jù nínú ìwé náà. Ẹni tó lọ fásitì ńláńlá nìkan ló lè kọ irú ẹ̀." Ó wo Kúlúsúmù láti orí dé ẹsẹ̀. "Àwọn kan á kà á, kò sì ní yé wọn. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ọpọlọ àti abẹ́rẹ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni."

Daniel wúkọ́. Kúlúsúmù wo ilẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò jọ ojú ẹni tí wọ́n bú.

"Sọ ibi tó wù ẹ́ jù," ni Tóbilọ́ba tún wí, jẹ́jẹ́.

"Ibi tí ayaba bọ́ aṣọ iyọ̀ sínú odò ni, tí odò yẹn di òkun, tí òun fúnra rẹ̀ sì di ìgbì."

Tóbilọ́ba wo Daniel, Daniel wo Kúlúsúmù.

"Inú ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí lo ti kà á?" Àǹtí Oyèlárán bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àná ni mo parí ẹ̀. Omi bọ́ lójú mi."

"Omi bọ́ lójú rẹ." Àǹtí mi orí. "Ṣí i. Ka ojú ewé tó pa ọ́ lẹ́kún fún wa."

Ṣìkẹ́mi ṣí ẹ̀yìn ìwé. Ewé ìwé àkọsílẹ̀ onílà ló bá pàdé, wọ́n gé e ṣe déédéé pẹ̀lú ìwé, wọ́n sì fi òwú pupa rán an mọ́ ọn lára, ojú rírán rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó gún régé. Yorùbá ni wọ́n fi bíírò kọ sínú rẹ̀.

"Kà á."

"'Ayaba jókòó lábẹ́ òrùlé ará ibẹ̀ kan,'" Ṣìkẹ́mi kà, ohùn rẹ̀ ń wọlẹ̀ lọ. "'Ọbẹ̀ ilé náà tẹ́. Ó bá mú abẹ́rẹ́, ó tú ojú rírán àkọ́kọ́, ó bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ wọn. Báyìí ló ń ṣe láti ilé dé ilé. Nígbà tó dé ẹnu òkun, aṣọ iyọ̀ ti tán lára rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ilé tó yà sí ló ti ya aṣọ díẹ̀ fún un...'"

Ó dúró. Ó pa ìwé náà dé.

"Ìwé náà kò ní ìparí nígbà tí mo rà á," Àǹtí Oyèlárán sọ. "Ewé ẹ̀yìn rẹ̀ ti já dànù. Kúlúsúmù ló jókòó tó ronú bó ṣe yẹ kó parí, òun ló kọ ọ́, òun ló rán an. Gbogbo wa la mọ̀, òfin ló di ẹnu wa. Ìwọ gbé e sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, o ò yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò rí."

"Mà, orí fóònù ni mo..."

"Mo mọ̀. Fóònù ló sunkún." Kò pariwo, ohun tó sì mú ọ̀rọ̀ náà korò nìyẹn. "Ẹni tí kò ráyè kàwé kò ṣẹ̀ mí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, màá kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kà, tó wá ń fi ẹni tó ń kà ṣẹlẹ́yà, n kò mọ ohun tí wọ́n ń fi irú wọn ṣe. O yin iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yìí pé ti ọ̀mọ̀wé ni, o sì bú òun fúnra rẹ̀ lórí iṣẹ́ kan náà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Tìẹ kò tilẹ̀ rìn dé ẹnu géètì."

Ó na kọ́kọ́rọ́ sí Kúlúsúmù.

"Èmi kẹ̀, mà? Abẹ́ tábìlì ọ̀gá mi ni àpótí náà máa wà o."

"Ibẹ̀ dára. Gbà á."

Ṣìkẹ́mi ti dìde kí wọ́n tó pàtẹ́wọ́ tán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi yọjú. Àwọn ọ̀rẹ́ Ìbàdàn bi í pé ìwé dà, ó pa fóònù rẹ̀. Bàbá rẹ̀ bi í náà. Nígbà tó ṣe, ìyá rẹ̀ to agolo mílíìkì sórí pẹpẹ náà, kò sì sẹ́ni tó bá a jiyàn. Ohun tó wá ń dùn ún kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ mọ́. Ayaba tó ń tú aṣọ ara rẹ̀ fún ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀ ni kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Kí ló gbé e dé ilé yẹn? Ta ló kọ́kọ́ fi aṣọ iyọ̀ wọ̀ ọ́? Fóònù kò sọ ìyẹn fún un lọ́nà tó lè gbà gbọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kẹrin, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Àtinúkẹ́ ní Tudun Wada, níbi tí Kúlúsúmù ti ń kọ́ṣẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Ọ̀gá dáhùn láìwo ìta. Rùkáyàt, tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ pẹ̀lú Kúlúsúmù, ti mọ̀ ọ́n. "Ṣé kì í ṣe ọmọ tó sunkún lórí ìwé tí kò kà nìyí? Sannu, olómijé." Ẹ̀rín gba inú ṣọ́ọ̀bù. Ṣìkẹ́mi gbé e mì. Ó mọ̀ pé òun ló ra ọjà yẹn.

"Kúlúsúmù, má bínú sí gbogbo ohun tí mo máa ń sọ sí ẹ. Mo wá yá *Ayaba*."

Kúlúsúmù dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì tújú ká.

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwé kankan ò ní bá ẹ lọ sílé báyìí. Ìjókòó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ̀ọ̀nù nbẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni wàá ti kà á."

"Nínú ariwo yìí?"

"Nínú ariwo yìí ni mo ti kọ ìparí ẹ̀."

Ṣìkẹ́mi jókòó. Ooru mú un, ẹ̀rọ ń pariwo, òwú ń fò bà á lára. Ojú ewé kìíní gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí ojú tó ti pẹ́ tó ti ń sáré lórí fóònù ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń rìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ka ojú ewé kẹta. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wọ aṣọ iyọ̀ fún ọmọdébìnrin náà, tó ta á lára tí kò sì sọ̀rọ̀, kò gbọ́ ariwo kankan mọ́.

Wọ́n ń pe ìrun ìrọ̀lẹ́ nígbà tí Kúlúsúmù na ọwọ́ láti gba ìwé.

"Ojú ewé mélòó lo kà?"

Ogún wá sí Ṣìkẹ́mi lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Mẹ́sàn-án," ló wí.

Rùkáyàt pòṣé. "Láti ọ̀sán?"

"Láti ọ̀sán," ni Ṣìkẹ́mi dá a lóhùn.

Kúlúsúmù fi èérún aṣọ kékeré kan há ojú ewé náà, ó sì tì í sínú àpótí. "Mẹ́sàn-án tó o kà dára ju irinwó tó o pa nírọ́ lọ. Máa bọ̀ lọ́la."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, ẹ kúkú mọ irú Ṣìkẹ́mi, wọ́n pọ̀ ní kíláàsì yín. Ẹ má bá wọn gbé ìwé rìn bí ẹni gbé báàgì oge. Ìmọ̀ tí a kò jókòó tì kò lè jẹ́ tiwa, ẹni tó bá sì ń fi ohun tí kò ní yangàn, ọwọ́ ẹni tó ń fojú tín-ín-rín wò ni yóò ti padà wá tọrọ rẹ̀.