Obìnrin Tó Ń Dúró De Ìdáhùn

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló rí i, etí mi ló gbọ́ ọ. Ẹ má bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí mi ò ní. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ pé mo bu iyọ̀ irọ́ sí i, ẹ pè mí ní òpùrọ́ níbikíbi tí ẹ bá ti rí mi.

Mo ti jáde yunifásítì, mi ò ríṣẹ́. Ìyá mi, tó ń ránṣọ, máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé, "Ọmọ mi ń bá ìjọba jà. Ìjọba ò tíì mọ̀ ni."

Ilé ìwé kan tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ pákó ni mo ti ń jà lásìkò tí mò ń wí yìí. Olùkọ́ ìṣirò wọn ti lọ, kò sì sí ẹni tó rántí rán òmíràn wá. Mo lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, ìyá arúgbó kan tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá kíláàsì. Mo ní màá kọ́ àwọn ọmọ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ṣé o mọ ìṣirò ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó wà."

Orí ayélujára ló wà. Ìkànnì kan wà níbẹ̀ tí àwọn olùkọ́ ń kó ẹ̀kọ́ sí fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ ọmọ: fídíò, àwòrán, ìbéèrè kéékèèké, gbogbo rẹ̀ ní èdè wa, ọ̀fẹ́ ni. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nílé ìwé náà. Nítorí náà, ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ni mo ti ń gba ẹ̀kọ́ sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, láàárín ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ. Tílẹ̀ bá mọ́, màá gbé e lọ, màá so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó wà nínú kíláàsì. Ni àwọn ọmọ bá sọ mí ní Àǹtí Kọ̀ǹpútà.

Obìnrin kan ló ń kọ́ni nínú fídíò ìṣirò náà. Aṣọ búlúù ló wọ̀. Kọ́tìnì funfun wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bíi ti ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Tó bá béèrè nǹkan, á dákẹ́ díẹ̀ kí àwọn ọmọ lè pariwo ìdáhùn, á wá ní, "Ẹ káre." Bí wọ́n gbà á, bí wọ́n kùnà, "Ẹ káre" náà ni. Fídíò ṣáà ni, kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Àwọn ọmọ ń pè é ní Ìyá Ẹ-Káre.

Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì náà tí wọ́n ń pè ní Dákẹ́. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ń jókòó. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń kọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń gbà á. Ẹnu rẹ̀ ni kì í ṣí. Ìyá rẹ̀ àgbà, tó ń tọ́jú rẹ̀, dá mi dúró lẹ́nu géètì lọ́jọ́ kan, ó di ọwọ́ mi mú.

"Àǹtí, wọ́n ní alábẹ̀wò ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Ọmọ tí kò bá fẹnu dá a lóhùn, wọ́n á yọ ọ́ kúrò."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, mà?"

"Wọ́n ṣe é lọ́dún tó kọjá. Ọmọ aládùúgbò mi wà lára àwọn tí wọ́n yọ. Akólòlò ni. Ilé iṣẹ́ pákó ló wà báyìí, ó ń gbá ìyẹ̀fun igi." Ó mi ọwọ́ mi jìgìjìgì. "Mo ti darúgbó, ọmọ mi. Ọwọ́ ìwé ni mo fẹ́ fi í lé kí n tó lọ."

Inú bí mi débi pé orí ń fọ́ mi. Mo gba ọ́fíìsì náà lọ. Wọ́n ní kí n jókòó. Mo jókòó títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn, tí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn sì ní kí n dìde.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni nǹkan náà bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin inú fídíò gé búrẹ́dì kan sí mẹ́rin lórí tábìlì. Ó mú ẹyọ kan kúrò.

"Mélòó ló kù?"

"Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin!" Ariwo wọn fẹ́ẹ̀ ká páànù.

Kò ní "Ẹ káre."

A dúró.

"Àǹtí, ó ti há," ni ọmọkùnrin kan wí.

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà. Ìgbà náà ni mo rí kọ́tìnì ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń mì. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ. Obìnrin náà ṣẹ́jú. Ó rọra yí orí sí ìhà fèrèsé wa.

"Ìwọ ńkọ́?" ló wí.

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó kú lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Dákẹ́ tẹ orí ba, ó ń wo tábìlì. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ pákó tí kì í sinmi, mi ò gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́.

"Kò burú," ni obìnrin náà wí. "Màá dúró."

Ó bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́, mo ṣí fídíò kan náà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo pe ìyá mi wá wò ó. Obìnrin náà gé búrẹ́dì. Ó mú ẹyọ kan. "Mélòó ló kù?" Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ káre." Ó tán. Kò yí orí síbì kankan.

"Ebi ló ń pa ọ́," ni ìyá mi wí. "Lọ jẹun."

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gbé e padà sí kíláàsì, bẹ́ẹ̀ ló ń yí orí. Ìdúró náà sì ń gùn sí i lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n á jókòó, wọ́n á fọwọ́ lẹ́rán.

"Dákẹ́, dá a lóhùn, jọ̀ọ́," ni ọmọ kan sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àkókò oúnjẹ."

Ọ̀gá ilé ìwé ní kí n yí fídíò náà padà. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n ètè Dákẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Nínú gbogbo àgbàlagbà tó yí ọmọ yẹn ká, mi ò rí ẹlòmíràn tó ní sùúrù láti dúró dè é.

Ọjọ́ tí alábẹ̀wò dé, òjò ṣú tó jẹ́ pé ọ̀sán dàbí ìrọ̀lẹ́. Ó gbé agbòjò rẹ̀ ti ògiri, ó mú bírò jáde. Ó ń nàka sí àwọn ọmọ bí ẹni tó ń ṣa tòmátì.

"Ìwọ. Kí lorúkọ ẹ?"

Dákẹ́ dìde. Ètè rẹ̀ mì. Alábẹ̀wò ti kọ nǹkan sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó jáde.

"Odi ni?"

"Kì í ṣe odi, sà. Ẹ fún un láyè díẹ̀."

"Ilé ìwé mìíràn ń dúró dè mí. Ọmọ tí kò lè dáhùn, àyè ẹlòmíràn ló ń gbà."

"Àyè ta ni, sà? Ta ló ń tò síta?"

"Ìwọ, ta ló gbà ọ́ síṣẹ́?"

"Kò sẹ́ni."

"Mo rò bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá ilé ìwé tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ó yára sọ pé kí n fi bí a ṣe ń kọ́ ìṣirò han alábẹ̀wò. Mo tan fídíò. Obìnrin náà gé búrẹ́dì. Ó mú ẹyọ kan kúrò. "Mélòó ló kù?" Kò sí ọmọ tó lè lanu. Ó yí orí.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Kí ni eléyìí? Pa á!"

Mi ò pa á. Alábẹ̀wò fúnra rẹ̀ pa kọ̀ǹpútà dé, ó sì fa wáyà tẹlifíṣọ̀n yọ. Gíláàsì tẹlifíṣọ̀n náà dúdú.

Òjò ṣì ń rọ̀. Mò ń wò ó lójú fèrèsé bó ṣe ń dà. Mi ò gbọ́ ìró rẹ̀ rárá.

Dákẹ́ ṣì wà lórí ìdúró. Ó kọjú sí gíláàsì dúdú náà.

"Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin."

Ohùn rẹ̀ ha bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀gá ilé ìwé fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ gbọ́ ọ, sà," ni mo wí. "Ó sọ̀rọ̀."

"Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Bírò ti kọjá ibẹ̀."

"O káre."

Láti inú tẹlifíṣọ̀n náà ni. Ohùn náà rọlẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ di wáyà mú ńkọ́? Ẹyọ tí ẹ mú kúrò, ibo ló wà?"

Alábẹ̀wò wo wáyà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ibi tó ti fà á yọ.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

Ó bojú wẹ̀yìn.

"Kò burú," ni ohùn náà wí. "Màá dúró."

Lẹ́ẹ̀kan náà ni ìró òjò padà sórí páànù. Ọkùnrin náà jáde sínú rẹ̀. Kò mú agbòjò.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, fóònù mi dún ní ṣọ́ọ̀bù. Oòrùn ń wọ̀ lọ. Ìyá mi ń rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Àǹtí Kọ̀ǹpútà nìyẹn? Ọ̀gá yín ló fún mi ní nọ́ńbà."

Alábẹ̀wò ni. Ó ti wá ń bá mi sọ "ẹ."

"Mo ti dá ọmọ yẹn padà sínú ìwé," ló wí. "Kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́ mọ́."

"A dúpẹ́, sà."

Kò gbé fóònù sílẹ̀.

"Kò lọ," ló wí.

"Ta ni, sà?"

"Tí mo bá tan tẹlifíṣọ̀n. Tí mo bá tan rédíò ọkọ̀. Kì í sọ nǹkan kan. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ìyàwó mi ní òun ò gbọ́ ohunkóhun." Ó gbóhùn sókè. "Kí ni ìdáhùn yẹn? Ẹ̀yin lẹ ni fídíò. Ẹ sọ ọ́ fún mi."

"Èmi kọ́ ló bi yín, sà."

"Mo ti dá a padà!"

"Ẹ ti dá ọ̀kan padà. Àwọn tẹ́ ẹ yọ lọ́dún tó kọjá ńkọ́?"

 Ìyá mi dá abẹ́rẹ́ dúró, ó ń wo ojú mi. Mo tẹ fóònù mọ́ etí. Mo gbọ́ ẹni tó ń mí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò kánjú.

Mo rò pé alábẹ̀wò ni. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, bí ẹni tó ti gbé fóònù lé orí tábìlì, tó sì ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ nínú yàrá náà.

"Mi ò mọ̀," ló ń wí. "Mi ò mọ ibi tí wọ́n wà. Mi ò béèrè rí."

Èémí náà ṣì wà létí mi, nítòsí gan-an.