Abẹ́rẹ́, Fótò àti Àpò Tí Kò Gbọdọ̀ Jò

Òjò ló kó àwọn méjèèjì pọ̀. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, aránṣọ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Abẹ́rẹ́ nítorí ẹnu ẹ̀ tó mú, ló sá sábẹ́ ìbòrí ilé ìtajà kan. Ọkùnrin kan sá tẹ̀ lé e, kámẹ́rà rọ̀ lọ́rùn ẹ̀. Atẹ́gùn ń gbé òjò kọlù wọ́n níbi tí wọ́n dúró sí. Ni ọkùnrin náà bá bọ́ kóòtù ẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ti ń tẹ́ èjìká sílẹ̀, ó rò pé òun ló fẹ́ fi bò. Àfi bó ṣe fi kóòtù wé kámẹ́rà bí ọmọ tuntun, tó gbá a mọ́ àyà.

"Ẹ kú ìtọ́jú ìyàwó o," ni Abẹ́rẹ́ wí.

"Kì í ṣe ìyàwó mi," lọkùnrin náà dáhùn, omi ń kán nímú ẹ̀. "Òun ló ń bọ́ mi. Tí ẹ̀yin náà bá lè máa bọ́ mi, màá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì lé kóòtù fún yín."

"Èmi kẹ̀? Ẹni tí mi ò mọ̀ rí? Ẹ jẹ́ kí ebi pa yín."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kí òjò tó dá, wọ́n ti mọ ilé ara wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn gan-an lowú ti wọ ọmọ yìí lára. Kámẹ́rà ló kọ́kọ́ fi ṣe orogún.

Fótò la sọ ọkùnrin náà nílé wa. Ó mọ̀ọ̀yàn kí. Ó máa ń jókòó ti Abẹ́rẹ́ nídìí maṣíìnì, á ní, "Abẹ́rẹ́ mi àtàtà, tí kì í gún mi."

"Dúró ná," ni tọ̀hún á fèsì. "Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni."

Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ojú Abẹ́rẹ́ a máa tàn tó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ìgbà tó yá, Fótò ríṣẹ́ níbì kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwẹ̀, nínú odò tí wọ́n fi símẹ́ńtì ṣe. Àwọn òbí ń fẹ́ fótò ibi tí ọmọ wọn ti ń yọrí láti inú omi. Èyí ni pé ayàwòrán náà gbọ́dọ̀ wọ omi dé àyà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ kan jan ẹsẹ̀ mọ́ omi, ó ta sí kámẹ́rà. Fótò sọ fún wa pé ọkàn òun fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde.

Ó lọ wo ohun tó lè fi bò ó. Àpótí líle kan wà tí wọ́n ṣe bí ara kámẹ́rà gẹ́lẹ́, tí èèyàn lè gbé mòòkùn. Owó ẹ̀ ju ti kámẹ́rà fúnra ẹ̀ lọ. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí owó ẹ̀ jẹ́ pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n òjò wínníwínní nìkan ló lè gbà. Ó padà wálé lọ́wọ́ òfo.

Ibẹ̀ ni Ẹja ti wọlé. Ẹja ni tíṣà ìwẹ̀ níbi iṣẹ́ yẹn, ọmọge gíga kan tí omi kì í bà lẹ́rù. Ó ti ya fótò rí, ó sì ní àpótí líle tó bá kámẹ́rà Fótò mu.

"Máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́," ló wí fún Fótò. "Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kúrò níbí. Ibí ni kó o ti máa wá bá a."

Fótò, ọkùnrin tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pa mọ́, rò ó fún Abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Wá bá ta ni?" ni Abẹ́rẹ́ bi í. "Àpótí, àbí ẹni tó ni àpótí?"

"Olólùfẹ́ mi, iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ tí wọ́n ń bọ́ṣọ ṣe?"

Ìyá Fótò tún wá bu iyọ̀ sí ojú egbò. Ó sọ fún ọmọ ẹ̀ pé, "Omi ló ń fún ẹ lóúnjẹ, o ò wá fẹ́ ẹni tó mọ̀wẹ̀." Fótò tún fi ṣe àwàdà fún Abẹ́rẹ́! Mo ní, ọmọ yìí, ta ló fi ẹ́ gégùn-ún?

Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Mo fojú ara mi rí i. Bùláòsì Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ jù fún un, òun aránṣọ kò sì rántí dín in. Tí Fótò bá dé pẹ́ díẹ̀, á gbóòórùn aṣọ ẹ̀. Tí kò bá gbóòórùn nǹkan kan, á ní ó ti wẹ̀ ẹ́ nù.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Dá àpótí ẹ̀ padà fún un. Èmi ni màá rán tìẹ."

Ó ra tapólì tó nípọn, irú èyí tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀, ó gé ojú sí i, ó fi ọ̀rá tó mọ́ gaara dí ojú náà, ó fi síìpù sẹ́nu ẹ̀. Maṣíìnì ń pariwo bí ẹni ń bá èèyàn jà. Gbogbo etí àpò náà ló rán ní ìránpadà. Ó rẹwà, mi ò ní parọ́.

Fótò gbé e sókè. "Ọwọ́ ẹ mà dára o. Màá kọ́kọ́ dán an wò ná."

"Ṣé o dán ti Ẹja wò?"

Fótò ki àpò náà bọ abẹ́ apá, ó gba ọ̀nà ilé ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Abẹ́rẹ́ pa maṣíìnì tì, ó tọ ọkùnrin náà lẹ́yìn lọ síbi iṣẹ́. Ó bá Fótò àti Ẹja létí odò, wọ́n forí korí. Àpò tapólì wà láàárín wọn. Ẹja tí omi ṣì ń ṣàn lára ẹ̀ di tíṣù tí wọ́n fi dán àpò náà wò mú, ó ti tutù rinrin.

"Àpò kọ́ nìyí," ni Ẹja wí, "asẹ́ ni."

Fótò sì rẹ́rìn-ín.

Abẹ́rẹ́ kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní, "Ẹ kú ìgbádùn," ó sì yípadà. Fótò sáré tẹ̀ lé e tòun tẹsẹ̀ tútù títí dé ilé wa. Abẹ́rẹ́ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn síta.

Yàrá mi ló sá sí.

"Màmá Àgbà, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Ẹja ò dùn mí. Tiẹ̀ ló dùn mí."

"Ṣé àpò náà jò àbí kò jò?"

Ó fi ojú pamọ́ sí itan mi. "Ó jò. Gbogbo ibi tí mo ti gún un ló ń jò. Bí mo ṣe ń rán an tó kó má jò, bẹ́ẹ̀ ni mò ń lu ihò sí i."

Bàbá ẹ̀, ọmọ mi ọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ páìpù omi, gbọ́ ẹkún, ó ní Fótò kò gbọdọ̀ tẹ ilé òun mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, Fótò tẹ̀ ẹ́. Ó ti dá àpótí Ẹja padà, ó sì ti ra àpò rírọ̀ kan tí owó ẹ̀ kò ga, tó nípọn, tó lójú bíi dígí. Kò sí òwú kankan lára ẹ̀. Iná ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ẹnu ẹ̀ ni wọ́n ń ká bí ẹni ká ẹní, kí wọ́n tó dè é.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ló wí. "Tèyí bá dára, mi ò nílò àpótí ẹnikẹ́ni mọ́."

Ọmọ mi wò ó tòkètilẹ̀. "Gbogbo ayé mi ni mo fi ń bá ohun tó ń jò jà. Tó bá jò, ọ̀la lo máa sá padà sídìí àpótí yẹn, ọmọ mi á tún máa sunkún. Tó bá jò, máa lọ. Tó bá gbẹ, a jọ máa sọ̀rọ̀."

Wọ́n bu omi sí bàsíà lẹ́yìnkùlé. Fótò fi tíṣù sínú àpò, ó ká ẹnu ẹ̀, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ rì. Gbogbo wa jókòó yí i ká. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣe bí ẹni ń rán bọ́tìnnì.

Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, igun tíṣù kan ti tutù.

Bàbá ẹ̀ dìde. "Ó parí nìyẹn."

Ni bọ́tìnnì já bọ́ lọ́wọ́ Abẹ́rẹ́. "Ẹ jókòó ná, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n wo ẹnu ẹ̀."

Ó tú u wò. Irun gígùn kan wà láàárín ibi tí wọ́n ká, irun pupa. Oògùn tí wọ́n ń dà sódò yẹn ló máa ń sọ irun ẹni tó bá ń gbénú ẹ̀ di pupa. Kò sí onírun pupa nílé wa.

"Irun ta nìyí?"

Fótò ní, "Ti Ẹja ni. Nígbà tí mo lọ dá àpótí ẹ̀ padà láàárọ̀ yìí, òun ló fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń ká a."

"Orí yín sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀?"

"Ó sún mọ́ra. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Abẹ́rẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ó sún mọ́ra."

Mo ní háà, ó tán lónìí.

Abẹ́rẹ́ wò ó títí omi fi lé ròrò lójú ẹ̀. Ó wé irun náà mọ́ ìka, ó já a, ó sọ ọ́ nù.

"Òpùrọ́ ì bá ní irun ìyá òun ni," ló wí.

Ó mú tíṣù mìíràn. Ó nu ẹnu àpò náà gbẹ, ó sì ká a fúnra ẹ̀, sí apá òsì, torí ọwọ́ òsì ló ń lò. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ rì.

"Òkúta wà níbẹ̀," ni bàbá ẹ̀ wí.

"Mi ò fẹ́ òkúta."

Omi mu ún dé ìgbọ̀nwọ́. Fótò kúnlẹ̀ lódìkejì bàsíà, kò gbójú kúrò lára ẹ̀. Nígbà tó yọ ọ́, bàbá ẹ̀ gba tíṣù náà, ó fi ra ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tún fi ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì.

"Ó gbẹ," ló wí, ó sì jókòó.

Abẹ́rẹ́ na ìka sí Fótò. "Gbọ́ mi dáadáa. Ẹja lè kọ́ ẹ ní ìwẹ̀, torí mi ò fẹ́ kí omi gbé ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu àpò yìí, èmi nìkan ni màá máa pa á. Ilé ni màá ti pa á, ilé ni wàá ti tú u."

"Bó o ṣe wí, ìfẹ́ mi."

"Má pè mí ní ìfẹ́. Inú ṣì ń bí mi."

Wọ́n ṣègbéyàwó. Ẹja wá, ó múra dáadáa. Abẹ́rẹ́ kí i tẹ̀ríntẹ̀rín, ó sì fi í sí àga tó jìnnà jù sí ọkọ.

Títí di ìsinsìnyí, kí Fótò tó jáde láàárọ̀, ó gbọ́dọ̀ gbé àpò wá sídìí maṣíìnì kí ìyàwó ẹ̀ ká a sí apá òsì. Tó bá dé, Abẹ́rẹ́ kì í bèèrè iṣẹ́, kì í wo ojú ẹ̀ pàápàá. Á fa àpò náà sọ́dọ̀, á yẹ ẹnu ẹ̀ wò, á fìka tọ ibi tó ká sí.

Ìgbà yẹn ni yóò tó rẹ́rìn-ín, tí yóò ní, "Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi."