Híjáàbù Funfun Lára Báàgì Àlejò

Inú gọ́tà ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì kan ní Àgídìngbì ni wọ́n ti rí báàgì náà. Báàgì ńlá ni, irú èyí tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tó máa ń ga ju orí ẹni tó gbé e lọ. Kámẹ́rà wà nínú rẹ̀. Aṣọ wà níbẹ̀. Yanrìn etíkun kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Híjáàbù funfun kan sì há sára okùn rẹ̀.

Inspẹ́kítọ̀ Màríàm Àjíṣọlá fi ìka méjì gbé híjáàbù náà sókè. Rọ́bà wà ní ibi àgbọ̀n rẹ̀, ó sì gùn tó láti bo ọwọ́. Ó wò ó títí. Ọkọ tó fẹ́ tẹ́lẹ̀ ló kọ́ ọ ní sùúrù yìí, nítorí ọkùnrin náà a máa purọ́, a sì máa kọ́kọ́ bínú.

Ọ̀rẹ́olúwa ló ni báàgì. Ọmọbìnrin Èkìtì ni, ìlú òyìnbó ni wọ́n bí i sí. Ó wá fi ẹsẹ̀ rin etíkun Èkó, láti Àgbádárìgì títí dé Lẹ́kì, ilé àlejò Gbọ́láhàn ló sì wọ̀ sí, nítorí kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú. Lọ́la ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan yóò wọ báàlù lọ sí Dàkáà.

Ó tú báàgì náà yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, ó sì rọra sọ̀rọ̀ sí Màríàm létí.

"Páásípọ́ọ̀tù mi ò sí níbẹ̀, Mà. Inú àpò ìbàdí ni mo máa ń fi sí, gbogbo ará ilé àlejò ló mọ̀. Omi òkun ló rin àpò yẹn lánàá. Láàárọ̀ yìí ni mo tó kó páásípọ́ọ̀tù sínú báàgì. Mo ti ilẹ̀kùn kí n tó ṣe é. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Má tíì sọ," ni Màríàm wí.

Nígbà tí wọ́n fi máa dé ilé àlejò, ìròyìn híjáàbù náà ti ṣáájú wọn débẹ̀, Gbọ́láhàn sì ti dá ẹjọ́ náà tán. Ó ti kó aṣọ Khàdíjàt ìyàwó rẹ̀ sínú báàgì mìíràn, ó sì gbé e sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ lójú gbogbo èèyàn.

"Ẹ má wulẹ̀ yọra yín lẹ́nu, Mà," ó wí. "Híjáàbù Ìyá Rídíwàn, ìyàwó mi, nìyẹn. Tó bá jẹ́ òun ló ja àlejò mi lólè, ilé bàbá ẹ̀ ní Agége ló ń lọ lónìí. Ta ló tún máa wá wọ̀ sílé olè?"

Khàdíjàt dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ká apá mọ́ àyà. Kò sunkún. Èyí gan-an ló mú kí àánú rẹ̀ ṣe Màríàm. Ó pè é wọ inú ilé ìdáná.

"Ẹ̀ ń jowú ọmọ yìí?"

"Mò ń jowú ẹ̀, Mà. Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́? Nígbàkigbà tí òun àti Bàbá Rídíwàn bá ti etíkun dé, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọ̀la tètè mọ́, kó máa lọ."

"Híjáàbù yìí ńkọ́?"

"Mo fọ̀ ọ́, mo sá a sórí okùn. Nígbà tí mo fẹ́ kí Àlàásárì, mi ò rí i mọ́. Ìbòrí míì ni mo fi kírun."

Màríàm mi orí. Òjòwú kò lẹ́ran láyà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Òun náà ti bá orogún gbé rí, ó mọ bí ó ṣe máa ń rí kí ènìyàn máa gbọ́ ẹ̀rín láti yàrá kejì. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Suara tó ń ṣọ́ géètì ló kàn. "Mo lọ ṣe àlùwàlá nídìí ẹ̀rọ omi ẹ̀gbẹ́ géètì, mo sì kírun," ó wí. "Tí wọ́n bá gbé e gba géètì kọjá ni, ǹ bá ti rí wọn. Kámẹ́rà yẹn ńkọ́, Mà? Ó dájú pé ìyẹn ni wọ́n tìtorí ẹ̀ wá."

Felix, ọmọ Maryland nílùú Èkó, tó fẹ́ bá Ọ̀rẹ́olúwa lọ sí Dàkáà, kò tiẹ̀ dá ara rẹ̀ láàmú. "Páásípọ́ọ̀tù ṣáà wà ní ìbàdí ẹ̀, Mà. Bí báàgì náà bá bàjẹ́, a máa ra òmíràn níbẹ̀. Fláìtì wa kò yẹ̀."

Job ló gbẹ̀yìn. Ọmọ Oǹdó ni, òun ló máa ń fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn àlejò lọ sí etíkun. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń sá àwọn ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì sínú omi.

"Ó dùn mí, Mà," ó wí. "Kò síbi tí mi ò mú un dé. Etíkun Tákwá, etíkun Ìlàṣẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró de ìgbì. Ó mà ṣe o, kò ní lè lọ lọ́la mọ́."

"Felix ní àwọn ń lọ."

"Felix." Ó fẹnu tẹ́ńbẹ́lú orúkọ náà. "Felix á dá lọ nìyẹn. Ta ní ń wọ báàlù láìní páásípọ́ọ̀tù?"

Màríàm dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì pe gbogbo wọn jọ sí pálọ̀.

"Híjáàbù yìí," ó wí, "ìrun la fi ń kí. Mo ní irú ẹ̀ nílé. Ìdí ẹní ìkírun là ń tọ́jú ẹ̀ sí kí ó má bàa dọ̀tí. A kì í wọ̀ ọ́ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ká má tíì sọ ìdí gọ́tà. Ìyá Rídíwàn kò lè wọ̀ ọ́ débẹ̀. Gbọ́láhàn àti Suara kò sì ní mú un láti fi purọ́ mọ́ ọn, torí inú ilé mùsùlùmí ni wọ́n dàgbà sí. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ kàn rí aṣọ funfun lórí okùn ni. Lójú tiẹ̀, híjáàbù ò ju híjáàbù lọ."

Gbọ́láhàn wo ilẹ̀. Ó yẹ kí òun náà ti rí i.

"Ìkejì. Ẹni tó ń lé àlejò kì í gbé bàtà àlejò pamọ́. Ìyá Rídíwàn fẹ́ kí ọmọ yìí lọ. Ẹni tó mú páásípọ́ọ̀tù ẹ̀ fẹ́ kó dúró."

Felix dìde. "Páásípọ́ọ̀tù kẹ̀? Ṣé inú báàgì ló wà ni?"

"O ò kúkú mọ̀," ni Màríàm wí. "Èmi àti ẹni tó ni ín nìkan la mọ̀, àti ẹni tó tú báàgì. Job, ta ló sọ fún ẹ?"

Ojú Job yí sí àwọn ẹ̀wù tó sá síta. Màríàm jáde lọ, ó tẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fa páásípọ́ọ̀tù yọ láti inú ọ̀kan, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e.

"Mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀," ni Job wí. "Báàgì nìkan ni mo fẹ́ gbé, kó lè dúró máa wá a. Nígbà tí Suara ń ṣe àlùwàlá, mo mú kọ́kọ́rọ́ kejì yàrá ẹ̀ lára ìṣó nílé ìdáná. Ìgbà tí mo tú u ni mo rí páásípọ́ọ̀tù. Mo ju báàgì sí òdì kejì ògiri, mo lọ sọ ọ́ sí gọ́tà." Ó nawọ́ sí Felix. "Èmi ni mo fi gbogbo òkun yìí hàn án. Felix dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì ń mú un lọ. Ara mi ò gbà á."

"Kí ni ìyàwó ilé fi ṣe ẹ́?"

"Gbogbo ilé ló mọ̀ pé wọ́n ń jowú. Mo rò pé owú tiwọn á bo tèmi mọ́lẹ̀."

Ọ̀rẹ́olúwa gba páásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Kò wo Job rárá, ìyẹn sì dun Job ju ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi sí i lọ́wọ́ lọ.

Gbọ́láhàn bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ gbé báàgì ìyàwó rẹ̀ padà sí yàrá. "Má bínú, Ìyá Rídíwàn. Iṣẹ́ Èṣù ni."

"Ẹ gbé e sílẹ̀." Khàdíjàt kò pariwo. "Bàbá Rídíwàn, láti ìgbà tí ẹ ti fẹ́ mi lẹ ti ń kó àlejò lọ wo òkun. Agége ni wọ́n bí mi sí, Àgídìngbì lẹ gbé mi wá, mi ò fojú kan òkun rí. Ẹ rò pé torí yín ni mo ṣe ń jowú ọmọ yẹn?"

Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá fúnra rẹ̀. Gbọ́láhàn tẹ̀ lé e dé géètì, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ní òun á mú un lọ lọ́la, lọ́la gan-an. Khàdíjàt béèrè lọ́wọ́ Suara ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ etíkun, ó sì jáde.